Ẹ̀rọ ìkọ́ni ni, kì í ṣe "ẹ̀rọ akọ́ni"

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń ṣètò ìwé fún àwọn olùkọ́ Yorùbá fi ránṣẹ́ sí wa. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti kó rédíò, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri pọ̀, tó pe gbogbo wọn ní "ẹ̀rọ akọ́ni", n kò lè gbé e mì. Ó bí mi nínú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. "A" tó lẹ̀ mọ́ "kọ́ni" yẹn ló ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Ta ni akọ́ni? Ènìyàn ni. Ẹni tó ń tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ́nà ni àwọn oníròyìn ń pè ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ń bá ṣe ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé, pátákó ìkọ̀wé ló ń kọ ọ́ sí. Aránṣọ ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Apẹja ló ń ju àwọ̀n ìpẹja. Bí ẹ bá sọ pé "pátákó akọ̀wé", pátákó tó jẹ́ ti akọ̀wé ni etí mi gbọ́. Bákan náà, "ẹ̀rọ akọ́ni" ni ẹ̀rọ tí olùkọ́ fowó ara rẹ̀ rà, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fèsì láti Ìlọrin gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ṣebí a ń sọ amúnáwá, amúlétutù, agbóhùnsílẹ̀, amóhùnmáwòrán, kò sì sẹ́ni tó jà. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, ta ni ènìyàn tó ń jẹ́ amúnáwá ládùúgbò yín? Kò sí. Orúkọ náà ṣófo, ẹ̀rọ wá gbà á. Ní ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹ fi bi mí, tí ẹ ní òun náà ń dá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń fọṣọ ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni náà fún irin. Ẹ sì jẹ́ kí á fetí sí "fi". Olùkọ́ fi rédíò kọ́ wa, olùkọ́ fi àwòrán kọ́ wa. Ohun tí a bá "fi" ṣe nǹkan kọ́ ni ó ṣe é.

Ẹ tún wo àmì ohùn. Ẹ yọ àmì kúrò lórí "akọ́ni" bí àwọn atẹ̀wé ti máa ń yọ ọ́, akọni ló kù: ọdẹ, jagunjagun. "Ìkọ́ni" kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Bàbá tó kọ́ mi nílé ìwé àwọn olùkọ́ kò ní ẹ̀rọ kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ wa ní àmì ohùn, wọ́n á gbé igbá sórí tábìlì, wọ́n á ká igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ onílù kan á dúró pẹ̀lú gángan. Bàbá á fọwọ́ kan igbá, ìlù á dún: re mí. Wọ́n á fọwọ́ kan igbà: re dò. Tó bá di ìgbà, tí kò ṣeé gbé lọ́wọ́, wọ́n á na ìka sí oòrùn lójú fèrèsé, gángan á sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: dò dò. A kì í gbàgbé. Wọn kò sì fìgbà kan pe gángan ní akọ́ni. "Ohun tí mo fi ń kọ́ yín," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn àgbà tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò fi eré ṣe é. Lọ́dún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6 gbáko ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun púpọ̀. Ní 1984, àwọn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú fún gbé àkójọ tiwọn jáde, èdè-ìperí ni wọ́n sì pè é, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè. Ẹ wo "ì" níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "irinṣẹ́ olùkọ́" tí ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà dábàá, n kò gbà á. Irin wà nínú rẹ̀, páálí àti ọmọ ayò tí olùkọ́ náà fi ń kọ́ni kì í ṣe irin. Mo mọ̀ pé yóò ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí irin látọjọ́ pípẹ́. Kó kọ ọ́ wá, a ó jà á lọ́tọ̀. Ti ayárabíàṣá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ni mo ń sọ, n kò ní yí i padà.

Àbúrò, kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, bá mi wá orúkọ kan ṣoṣo tí "a" bẹ̀rẹ̀, tó ti jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀, tí Yorùbá sì tún fi pe ohun tí oníṣẹ́ náà ń lò. Bí o bá rí i, kọ ọ́ síbí.