Ta ló mọ tíṣà lẹ́sìn fún verbal GRE l'Ábújá? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ kọ GRE, ìdánwò tí àwọn yunifásítì kan máa ń béèrè, lọ́dún yìí nítorí mo fẹ́ lọ ka public health l'Amẹ́ríkà. Ìṣirò ibẹ̀ ò dẹ́rù bà mí, verbal, apá Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀, ni mò ń sá fún. Mo ti béèrè tíṣà káàkiri Kubwa, Gwarinpa, títí dé Wuse. Ohun tí ẹnì kan bá sọ, ẹlòmíì á ní irọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba lẹ́sìn rí, báwo lẹ ṣe rí tíṣà yín, kí lojú yín sì rí?

Alákọ̀wé Garki
Àbúrò, jókòó, ọ̀rọ̀ mi gùn. Pátákó kan ni mo rí lẹ́bàá ọ̀nà ní Wuse 2, wọ́n kọ GRE, IELTS, TOEFL, SAT, gbogbo ẹ̀ pátá sí i. Mo wọlé, wọ́n ní àfi kí n san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà, mo san án. Tíṣà gbé fọ́tókópì kan fún wa tó nípọn bíi Bíbélì. Àkójọ ọ̀rọ̀ ló kún inú ẹ̀. Sátidé dé, ká há ọ̀rọ̀ sórí, ká kà á fún un, ó parí, ká máa lọ sílé. Kò sọ́jọ́ kan tá a jọ ka àyọkà kan ṣoṣo.

Ibi tí ara ti fu mí ni pé apá kan wà nínú fọ́tókópì yẹn tí wọ́n ní ká mú ọ̀rọ̀ tó tako òmíràn, apá kejì ní ká fi ọ̀rọ̀ méjì wé méjì. Mo délé, mo lọ sórí ìkànnì ETS, àwọn tó ni GRE fúnra wọn, mo gba PowerPrep tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ìdánwò ìdánrawò méjì odindi ló wà níbẹ̀. N ò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àṣé láti August 2011 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò! Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wa láti kọ́ wa ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹni tó wá ràn mí lọ́wọ́, ìyá àgbà kan ni ní Area 11, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi ló mú mi lọ. Mama ò kọ GRE rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìbéèrè dé, wọ́n á fi ìwé bo àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tèmi dí àlàfo náà. Bí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á ní, “Ibo lo ti rí i nínú gbólóhùn yìí? Fi ìka kàn án.” Bí n ò bá ti lè fọwọ́ kan ibi tí mo ti rí i, a ò ní ṣí ìdáhùn. Ó máa ń sú mi níbẹ̀rẹ̀. Máàkì 147 ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní verbal, 158 ni mo gbé wálé.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Fọ́tókópì yẹn! Tèmi ṣì wà nílé o, àwọn ìbejì ń fi ẹ̀yìn ẹ̀ ya àwòrán.

Ọmọ Ọ̀fà Kano
Ẹ̀gbọ́n Garki, ẹ dákun ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí kò kọ ìdánwò rí, báwo ló ṣe fẹ́ kọ́ èèyàn? Àkókò ni ogun GRE. Láti September 2023 tí wọ́n ti gé e kúrú, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58 ni gbogbo ẹ̀. Abala méjì ni verbal: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà 15 ní ìṣẹ́jú 23. Tá a bá ń fi ìka kan gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo la fẹ́ ṣe tán? Èmi o, tíṣà tí kò bá fi èsì tirẹ̀ hàn mí kò ní rí kọ́bọ̀ mi. Mo bi ọ̀kan lórí Telegram pé èsì rẹ̀ dà, ó ní aláfojúdi ni mí. Mo ní ó dàárọ̀.

Alákọ̀wé Garki
Nígbà tó bá ti mọ́ra lèèyàn ń sáré, àbúrò. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, Mama ò jẹ́ kí n wo aago rárá. Ìgbà tí mo ti ń rí ibi tí ìdáhùn wà láìfi ìka kàn án ni mo tó gbé aago síwájú ara mi. Ẹni tó ń sáré láti ọjọ́ kìíní ń sáré lọ síbi tí kò mọ̀ ni.

Ọ̀dọ́ Nyanya
Mo wà lẹ́yìn Ọmọ Ọ̀fà. Ẹ fi èsì hàn.

Tíṣà Samaru
Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Zaria nìyí, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Ẹni tí kò jókòó ṣe é rí kò ní mọ bí ojú ṣe máa ń ṣú ní abala kejì. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ yín: bẹ́ ẹ bá ṣe dáadáa ní abala àkọ́kọ́, èyí tó le ló máa gbé wá tẹ̀lé e. Ọmọ á rí i pé ó ti le, á rò pé ó ti bà jẹ́, ọwọ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ àmì rere ni. Ẹni tó ti kọ ọ́ ló máa kì yín nílọ̀ nípa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó gba 165 tí wọn ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdáhùn yìí, wọ́n á ní “ó kàn bá a mu ni.” Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mú lọ sílé nínú ìyẹn?

Ibi tí àwọn ọmọ tèmi ti ń pàdánù jù ni ìbéèrè tó ní àlàfo mẹ́ta. Bó o gba méjì, tó o ṣi ẹ̀kẹta mú, òdo ni, kò sí máàkì ìdajì. Bákan náà ni èyí tí wọ́n to ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí wọ́n ní kó o mú méjì. Ọmọ á rí méjì tó jọra, á gbá wọn mú, kò ní wò ó bóyá wọ́n bá gbólóhùn náà lọ. Àwọn tó ṣètò ìdánwò mọ̀ pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti to méjì tó jọra síbẹ̀ dè é.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé àyọkà tí tíṣà ò rí rí síwájú ẹ̀. Ẹ ní kó ṣe é lójú yín, kó máa sọ ohun tó ń rò síta bó ṣe ń kà á. Ẹni tó bá ní òun á mú un lọ sílé, òun á mú un bọ̀ lọ́la, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa lọ.

Ọmọ Ọ̀fà Kano
Èyí dáa. Mo fara mọ́ ọn. Kó fi èsì hàn náà ṣá o.

Bọ̀dá Barnawa
Èmi ò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹnjiníà ni mí, ìṣirò kì í ṣe ìṣòro mi. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ lọ́yà kan tó ń sin ìjọba ní Kàdúná nígbà yẹn, òun náà fẹ́ kọ GRE, ìṣirò ló ń bá a jà. A ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́sàn-án Sunday, mo máa ń kọ́ ọ ní algebra àti ìdá ọgọ́rùn-ún, òun náà á kọ́ mi ní verbal. Ẹ wò ó, lọ́yà mọ ìwé kà! Àwọn àyọkà kéékèèké yẹn, tí wọ́n ń béèrè pé èwo ló máa gba ẹsẹ̀ lábẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé sọ, ó ní ìbéèrè mẹ́ta tó máa ń bi mí: kí ni òǹkọ̀wé ní ká gbà? Kí ló fi tì í lẹ́yìn? Kí ló gbà lọ́kàn tí kò sọ síta? Ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà nínú ẹ̀kẹta nígbà gbogbo. Títí dòní, bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, mo ṣì ń bi ara mi ní ẹ̀kẹta yẹn.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Ẹ dúró ná. Lọ́yà yẹn, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?

Ọ̀dọ́ Nyanya
Ohun témi náà fẹ́ bi nìyẹn.

Bọ̀dá Barnawa
Obìnrin ni. Ìyàwó mi ni báyìí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ní kí n kí yín.

Ọlọ́jà Wuse
Háà! Owó lẹ́sìn di owó orí!!!

Ọmọ Ọ̀fà Kano
Bọ̀dá, ẹ̀yin ló jèrè jù nínú gbogbo wa 😂 Ẹ bá mi kí ìyàwó. Ṣé wọ́n lọ Amẹ́ríkà ṣá?

Bọ̀dá Barnawa
Òun lọ, èmi ò lọ. Ó kàwé tán, ó padà wá. Ìtàn mìíràn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Olúwa á jẹ́ kó kalẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún Ọmọ Kubwa, bó bá jẹ́ obìnrin. Tíṣà kan tí àbúrò mi pè ní òun kì í kọ́ni níta, àfi kó máa wá sílé òun lálẹ́. Mo ní kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní tíṣà yẹn mọ̀wé gan-an, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Mo ní kó mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án níbi térò wà. Ibi ìkàwé wà, ilé oúnjẹ wà ní Jabi Lake Mall, kó mú ibi tó bá wù ú. Tíṣà náà kọ̀. Kí ló dé tó fi kọ̀?

Ọmọ Kubwa
Obìnrin ni mí, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀kan bá mi sọ irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń rò ó títí bóyá kí n gbà.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Má gbà o, ọmọ mi. Tíṣà mìíràn wà.

Alákọ̀wé Garki
Má gbà.

Tíṣà Samaru
Má ṣe lọ. Tíṣà tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní sọ pé ilé òun nìkan ni. Èmi kì í kọ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú ilé, àwọn òbí ní Samaru mọ̀ mí mọ́ ọn.

Ọlọ́jà Wuse
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tèmi. GMAT ni mo kọ, ìdánwò àwọn tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ìṣòwò, torí mo fẹ́ ṣe MBA. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá tíṣà GMAT, ẹ ṣọ́ra. Láti ìgbà tí Focus Edition, ẹ̀dà tuntun GMAT, ti dé ní November 2023, kò sí àtúnṣe gbólóhùn mọ́ nínú verbal. Àyọkà àti ìtúpalẹ̀ àríyànjiyàn ló kù, ìbéèrè 23 ní ìṣẹ́jú 45. Tíṣà mi ṣì ń kọ́ mi ní gírámà! Mo gbé ìkànnì wọn síwájú ẹ̀, ó ní gírámà kì í ṣòfò. Kì í ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó mi ń ṣòfò.

Ọ̀dọ́ Nyanya
Èmi ò lè ti Nyanya lọ gba lẹ́sìn ní Wuse nírọ̀lẹ́ láéláé. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ fàkẹrẹ tó wà ní ọ̀nà yẹn bí wọ́n bá ti tú iṣẹ́ tán máa mọ̀ pé ara ò ní lè gba àyọkà mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba tèmi.

Alákọ̀wé Garki
Tí iná bá lọ ńkọ́? Tí nẹ́tíwọ́kì bá ṣe àìsàn?

Ọ̀dọ́ Nyanya
Tí òjò bá rọ̀ tí bọ́ọ̀sì ò wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Dókítà Jos
Mo kà á láti òkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi ọmọ yìí bóyá wọ́n tiẹ̀ béèrè GRE lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka public health l'Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ohun tó bá wu èèyàn, àwọn mìíràn ò gbà á rárá. Lọ ka ojú ìwé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó o fẹ́, má wo ti yunifásítì lápapọ̀, torí ẹ̀ka méjì lábẹ́ yunifásítì kan náà lè yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, wo páásípọ́ọ̀tù ẹ: orúkọ tó o bá fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ẹ̀ mu. Wọ́n lè dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Kubwa
Ẹ ṣé, Dókítà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Nínú àwọn tí mo kọ sílẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn ni ọkàn mi fẹ́ jù. Máa kọ ọ́. Bí n ò bá ṣe dáadáa, ṣé mo lè tún un kọ?

Dókítà Jos
Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n gbà láàárín oṣù 12. Ìwọ lo sì máa yan èsì tó o fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọdún márùn-ún ni èsì kan fi ń wúlò.

Ọmọ Kubwa
Ẹ̀gbọ́n Garki, Mama Area 11 ńkọ́? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Alákọ̀wé Garki
Mama ti padà sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n mo ní gbogbo ìwé tá a jọ lò. Mo lè jókòó tì ọ́ lọ́sàn-án Sátidé láìgbowó, ká jọ ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Níta o, Ìyá Ìbejì, níbi térò wà.

Ìyá Ìbejì Lugbe
Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Àbúrò mi náà á wá.

Ọ̀dọ́ Nyanya
Bó bá jẹ́ Sátidé, kò sí súnkẹrẹ. Mo ń bọ̀. Garki ni ká ti ṣe é, àmàlà gidi wà níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà Kano
Àmàlà gidi, l'Ábújá? Ẹ fi èsì hàn o.

Ọlọ́jà Wuse
Ẹ má bá Kano jiyàn lórí àmàlà, tùwó ni wọ́n mọ̀ 😂

Alákọ̀wé Garki
Jabi ni o, torí Kubwa àti Lugbe. Aago méjì ọ̀sán. Kí kálukú gba PowerPrep sílẹ̀ kó tó wá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí i.

Ọmọ Kubwa
Mo ti gbà á sílẹ̀, sà. N ò ní ṣí i.