Káàdì wà lọ́wọ́, oníṣẹ́ abẹ dà?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti lo káàdì adójútòfò ìlera débi iṣẹ́ abẹ, ẹ wá sọ tiyín. Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ìpá ni bàbá mi ní. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, mo wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń pè ní NHIS nígbà náà, ṣùgbọ́n aya àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni ètò yẹn mọ̀. Òbí ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí òfin NHIA, àjọ tó rọ́pò NHIS, jáde ní 2022, tó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní adójútòfò, ni mo forúkọ bàbá sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ti ìpínlẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ní ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tí wọ́n kọ̀wé fún wa lọ, oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ló kù, ìkejì ti jápa lọ sí Ìlú Ọba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló ń jókòó. Èrò kún dé ẹnu ọ̀nà! Àwọn bàbá tó ti ń fi ṣòkòtò bo ìpá mọ́lẹ̀ láti ayé Ọbásanjọ́ ti gbé e jáde, torí káàdì dé. Mi ò lè bínú sí wọn, ohun tó gbé tiwọn wá ló gbé tiwa náà wá.

Oṣù márùn-ún la fi dúró. Nígbà tó kàn wá, kóòdù ìyọ̀ǹda tí adójútòfò fún wa ti kú, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Alájọgbé wa sanwó ní ilé ìwòsàn aládàáni, wọ́n ṣe tirẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Dókítà kan náà ni o.

Ìyá Bísí, Baltimore
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ọdún 2014 ni ìpínlẹ̀ wa, Maryland, fẹ ẹnu ọ̀nà Medicaid, adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn ò tó nǹkan ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ lèmi náà gbà wọlé. Ìgbà tí iṣan èjìká mi já níbi tí mo ti ń gbé arúgbó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ́fíìsì dókítà eegun mẹ́sàn-án ni mo pè. Tí mo bá ti dárúkọ Medicaid, ohùn wọn á yí padà. Owó tó ń san fún dókítà kéré sí ti Medicare, adójútòfò ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, kò sì sí ẹni tó lè fi dandan mú wọn gbà á. Ilé ìwòsàn yunifásítì ló gbà mí níkẹyìn. Síbẹ̀, ẹ má bá mi fi káàdì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston. Ìpínlẹ̀ wọn, Texas, ò gba ìfẹ̀gbòòrò Medicaid yẹn rárá. Orúnkún wọn ṣì wú síbẹ̀, oògùn ìrora ni wọ́n ń gbé mì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kóòdù tí ẹ fi rí dókítà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ déètì sí fáìlì gan-an ni kẹ́ ẹ ti lọ gbà á. Kẹ́ ẹ sì béèrè nípa irin tí wọ́n ń fi sí eegun àti àwọ̀n tí wọ́n fi ń dí ojú ìpá, bóyá adójútòfò máa san án.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Àwọ̀n! Àwa la ra tiwa lápò ara wa. Bàbá ṣì ń béèrè pé ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ fi í pa nínú òun.