Lock kì í ṣe kọ́kọ́rọ́: èsì sí àtẹ ọ̀rọ̀ àṣìṣe Ubuntu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan fi àtẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ kí á máa fi túmọ̀ àṣìṣe tí Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ń kọ sójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe update. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Under G níbí, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, mo sì ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ kan tó ṣìnà lè fi ẹ̀rọ oníbàárà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú lock, ti inú àṣìṣe "Could not get lock", ṣáájú. Àtẹ náà kọ ọ́ báyìí: "A kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà." Mo ka gbólóhùn yìí fún ọmọ iṣẹ́ mi láì sọ ibi tí mo ti rí i. Kíá ló dáhùn pé, "Ọ̀gá, password ló ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ni ín." Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kò sí kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ ló máa wá lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Ubuntu máa ń yọ́ lọ ṣe àtúnṣe ààbò fúnra rẹ̀, olóhun lè má mọ̀. Bó bá ti wọlé báyìí, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí iṣẹ́ mìíràn má baà wọlé bá a. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ayálégbé mẹ́jọ ti ń lo balùwẹ̀ kan rí, ó mọ̀ ọ́n: ẹ kan ilẹ̀kùn, wọ́n wúkọ́ láti inú. Kí lẹ fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe níbẹ̀? Ẹ dúró kó wẹ̀ tán. "Ènìyàn ń bẹ níbẹ̀" ni èmi ì bá kọ, kí n sì fi nọ́ńbà iṣẹ́ tó wà nínú tì í, torí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kí ẹ pa lock-frontend, fáìlì tó dúró fún ilẹ̀kùn títì yẹn, rẹ́. Ìyẹn ni pé kí ẹ yọ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń wẹ̀ ṣì fi ọṣẹ kunra. Mo ti tún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Odindi ọjọ́ kan ló gbà mí.

Ìmúdójúìwọ̀n ni wọ́n fi túmọ̀ update, òun náà ni wọ́n tún fi túmọ̀ upgrade. Ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀, mi ò ní kí á sin ín. Lórí fóònù, níbi tí méjèèjì ti ń wọlé pọ̀, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Debian, àti Ubuntu tó ti ara rẹ̀ jáde ní 2004, àṣẹ apt update (apt ni irinṣẹ́ tó ń bá wa gba ètò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) kì í mú ohunkóhun dé ojú ìwọ̀n kankan. Àkọsílẹ̀ ohun tó wà lọ́jà ló ń lọ gbà. Bí ìgbà tí ẹ bá pe ìyá oníṣòwò kan ní Ọjà Jagun ni, pé èló ni gàrí, ṣé tuntun ti dé. Ẹ ò tíì ra nǹkankan, gàrí ilé yín ò sì lé sí i. apt upgrade ló ń gbé e wálé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìpẹ́ yìí: òun ti ṣe update lẹ́ẹ̀mẹ́rin, LibreOffice òun ò yí padà. Àbí ta ni ká bá wí? Ìbéèrè ọjà ni mo dábàá fún èkíní, ìsọdọ̀tun fún èkejì.

Fún package, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n dì pọ̀ fún gbígbà, ìdì ni wọ́n yàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ mélòó nínú wa ló ń fi àmì ohùn sórí ohun tó ń tẹ̀? Ẹ yọ àmì kúrò, kí ẹ wá ka "idi meta ti baje" sókè níwájú àna yín. Ẹrù náà ní wàhálà tirẹ̀, ó lè di ẹ̀rù, ó lè di ẹrú, ṣùgbọ́n ó kó àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ dání wá: a ń dì í, a ń gbé e, a ń tú u, a ń tò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dpkg, irinṣẹ́ tí apt ń lò láti fi ẹrù sínú ẹ̀rọ, ń ṣe. Á kọ́kọ́ tú ẹrù sílẹ̀, lẹ́yìn náà á tò ó sáyè. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín méjèèjì (wọ́n kúkú ń mú un lọ), ẹrù á wà káàkiri ilẹ̀, dpkg á sì ní kí ẹ ṣe sudo dpkg --configure -a. Kí nìyẹn bí kò ṣe "ẹ wá to ẹrù tó kù nílẹ̀"?

Ìgbáralé tí wọ́n fún dependency (ẹrù tí ẹrù mìíràn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́), ìwà ni, kì í ṣe nǹkan. Àwọn ìyá wa kúkú ti ní èlò ọbẹ̀. "Èlò ò pé": ta ni kò ní yé? Nígbà míì sì rèé, èlò wà nílé, àmọ́ irú ti àtijọ́ ni, ẹrù ń fẹ́ tuntun. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ "èlò ò bára mu". Mirror, ìyẹn ibi tó ní ẹ̀dà àwọn ẹrù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n pè ní dígí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà àká ni. Kò sẹ́ni tó ń wojú níbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni "kò tíì wúlò", tí wọ́n fi túmọ̀ "not valid yet". Bátìrì kékeré inú láptọ́ọ̀pù kan ti kú, aago rẹ̀ sì fi ọjọ́ méjì rẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ ọjà tí apt lọ gbà wá jẹ́ ti ọ̀túnla lójú ẹ̀rọ náà, ó sì kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ka "wúlò" á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù náà tiẹ̀ ti fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tún un fi sí. "Àkókò rẹ̀ ò tíì tó" ì bá ti jẹ́ kó wo aago. Mo tún aago ṣe, ó lọ.

Ó ku NO_PUBKEY, tí àtẹ pè ní "kọ́kọ́rọ́ gbangba kò sí". Kọ́kọ́rọ́ yìí ò ṣí ohunkóhun. Ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá òǹtẹ̀ ara àkọsílẹ̀ náà jẹ́ ti ẹni tó ní òun ló fi ránṣẹ́. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀yọ́, tí ẹ bá dé Akẹ̀sán, ẹ bá mi bi àwọn tó ń fín igbá: kí ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọwọ́ lágbájá ló fín èyí?