Ìbéèrè: A fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Kí ló yẹ ká mọ̀?

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Àánú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ àánú ìjọ wa ní Ìbàdàn fẹ́ lọ ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ kan ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ohun tó wà nínú ìwé wa báyìí ni ìfúnpá, ṣúgà, ìdánwò ibà, oògùn aràn fún àwọn ọmọdé, jígí ìkàwé, oògùn fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, àti ìrẹsì kóńgò kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì 3, dókítà 1 àti apoògùn 1 wà nínú ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ sì tó 20. A ní ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì 3, ẹ̀rọ ṣúgà 2. Sátidé ni, aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Èrò wa ni pé a ó rí ẹni 400. Àwọn kan ní ká kéde pé kí wọ́n má jẹun wá nítorí ṣúgà. Sítíríìpù ẹ̀rọ ṣúgà (èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí) mélòó la máa rà? Ọ̀dọ̀ ta la ti máa gba ìyọ̀ǹda? Kí ló sì máa ń bàjẹ́ jù nínú irú iṣẹ́ yìí?

Nọ́ọ̀sì Agbègbè

Ẹ̀rọ 3 kò lè wo ẹni 400. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kálukú gbọ́dọ̀ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó wé nǹkan mọ́ ọn lápá, ṣùgbọ́n orí àga tó ti ń dúró de nọ́ọ̀sì ló ti máa sinmi yẹn. Tó bá wá kàn án, ẹ ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dúró ìṣẹ́jú 1, ẹ ó tún un wò, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìṣẹ́jú 5 ti lọ. Ẹ̀rọ kan á wo ẹni 12 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wo 36. Wákàtí 6 á fún yín ní 216, bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹun tí kò sì tọ̀. Ẹ tẹ tálì (káàdì nọ́ńbà orí ìlà) 180. Tó bá tán, ó tán.

Ìsinmi ìṣẹ́jú 5 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fò tí èrò bá pọ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé láti oko, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá èèyàn du tálì, ìfúnpá rẹ̀ á lọ sókè láìṣe pé àìsàn kankan ń ṣe é. Kó tọ̀ kó tó jókòó. Kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Kó má sọ̀rọ̀, kí nọ́ọ̀sì náà má sì bi í ní ohunkóhun nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má wé e lé orí aṣọ. Ẹ má sì ká ọwọ́ bùbá sókè débi pé á há a lápá. Ẹ bọ́ apá kan aṣọ náà sílẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọn kì í kà sí ni aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Èyí tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá, apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ló wà fún. Bí apá bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á kọ nọ́ńbà gíga tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ ra ńlá kan, ó kéré tán, kí ẹ fi téèpù aránṣọ sórí tábìlì. Kí bátìrì tuntun mìíràn náà wà nílẹ̀.

Bí ìgbà méjèèjì tí ẹ wò ó bá jẹ́ 140/90 sókè, ẹ fún un ní lẹ́tà kí wọ́n lọ tún un wò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má sọ fún un lórí ìjókòó kan pé ó ti ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aláboyún tó bá ní iye yẹn gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ní 180/120 sókè, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún un wò, kí dókítà rí i. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ ṣú, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń wọ́, ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH ní Ìbàdàn, dókítà ni yóò sọ. Nítorí náà, kí mọ́tò kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé lọ ra omi.

Ọmọ Ọlọ́jà

Ẹ wo ọjọ́ ọjà abúlé náà kí ẹ tó mú Sátidé. Tí ọjà ọrọọrún bá bọ́ sí i, ẹ̀yin àti àga yín nìkan lẹ máa jókòó.

Apoògùn

Ẹ yọ ìkéde "ẹ má jẹun" yẹn kúrò kíá. Arúgbó tó ti lo oògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀, tó wá tò sórí ìlà títí di aago 12 láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wá sí ìsàlẹ̀ 70. Á máa làágùn, á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Kí wọ́n jẹun wá. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ bi í ní ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ẹni tí kò jẹun fún wákàtí 8, ẹ kọ lẹ́tà fún un láti 126 sókè. Ẹni tó ti jẹun, láti 200. Láàbù ló máa fìdí méjèèjì múlẹ̀. Kí gúlúkóòsì àti omi wà lórí tábìlì.

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ yín bóyá mg/dL ló ń kọ tàbí mmol/L. Ẹni tó rí 7 lè rò pé ṣúgà ti tán lára ẹni náà, bẹ́ẹ̀ 7 mmol/L ni 126 mg/dL (ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀). Bí ọ̀kan bá ń kọ tibí tí èkejì ń kọ tọ̀hún, ẹ fi ọ̀kan sílé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni 180 lẹ máa gún lọ́wọ́. Ẹ mú ẹni ọdún 40 sókè, ẹni tó sanra, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó sì ń tọ̀ ṣáá. Ẹ ṣírò 100, kí ẹ ra ike sítíríìpù 3 oní 50, torí àwọn kan máa bàjẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó. Kó jẹ́ ti ẹ̀rọ yín gan-an. Ti ilé iṣẹ́ mìíràn kì í bá a mu. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ má gbé e síwájú mọ́tò, kí ẹ sì dé ike náà pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ti yọ ọ̀kan.

Ọwọ́ tó bó ọsàn tàbí tó jẹ máńgòrò á gbé nọ́ńbà sókè. Ọṣẹ àti omi ló dára jù. Bó bá jẹ́ sípíríìtì, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gún un. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ má lo kálàmù ìgúnwọ́ tó bá ẹ̀rọ wá. Ẹnì kan ṣoṣo nílé ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá tiẹ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè kù sẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà tí àrùn ẹ̀dọ̀ B ń gbà ràn nìyẹn. Ẹ ra láńsẹ́ẹ̀tì (abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka) alálòsọnù, páálí 1 oní 200. Ìbọ̀wọ́ páálí kan jẹ́ 100, ìyẹn ẹni 50 péré, torí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Páálí 3 ni kí ẹ rà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ẹ fagi lé e. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, páálí kan tí ẹ bá fún un á tán, á sì rò pé òun ti gba ìwòsàn. Oògùn aràn ṣe é ṣe bí ẹ bá ti béèrè ní ilé ẹ̀kọ́ bóyá ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Albendazole 400 mg ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọmọ ọdún 1 sí 2 á gba 200 mg. Ẹ fọ́ ọ fún àwọn kékeré. Ẹ má fipá rọ ọmọ tó ń sunkún, ó lè há a lọ́fun.

Òṣìṣẹ́ Ìlera Wọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda: ẹ kọ lẹ́tà sí dókítà tó ń bójú tó ìlera ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Mọ́níyà, ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú. Ẹ so ẹ̀dà láísẹ́ńsì ọdún yìí ti dókítà, nọ́ọ̀sì àti apoògùn yín mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí matíróònù ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ìyálọ́jà àti lémọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ̀ matíróònù yẹn ni gbogbo lẹ́tà yín ń lọ. Ṣé wọ́n ní oògùn? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń rí aláìsàn? Kí méjì nínú òṣìṣẹ́ wọn jókòó ní tábìlì yín, kí aláìsàn ti mọ ojú tó máa bá níbẹ̀.

Ìdánwò ibà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ó ní ìṣẹ́jú tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà á, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 15 sí 20 gẹ́gẹ́ bí ìwé inú rẹ̀ bá ṣe sọ. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, ilà tó yọ lẹ́yìn wákàtí kan kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Díákónì Àgbà

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ ẹ má yọ ìrẹsì kúrò o. Òun ló máa mú wọn jáde.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè

Ẹ má bínú, sà. Òun náà ló máa jẹ́ kí wọ́n ti ara wọn ṣubú. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé ìrẹsì wà kò ní jókòó sinmi ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá fẹ́ pín in, kó jẹ́ ọjọ́ mìíràn, láti ilé dé ilé, pẹ̀lú orúkọ tí baálẹ̀ àti lémọ́ọ̀mù jọ kọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, owó ìrẹsì yẹn ni mo máa fi forúkọ àwọn arúgbó tó ní lẹ́tà sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA.

Nǹkan méjì sí i. Kí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 5 lọ, kí gbohùngbohùn sì jìnnà sí tábìlì ìfúnpá. Ẹ má pe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sókè, ẹ má ya fọ́tò ẹni tí káàdì rẹ̀ ń hàn. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun àṣírí.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Àánú

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti gé e kù sí ìfúnpá, ṣúgà àti jígí. Oògùn aràn dọwọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta: báwo la ṣe ń yan jígí, kí la máa fi àwọn láńsẹ́ẹ̀tì tí a ti lò ṣe, àti pé àwọn ọ̀dọ́ 20 yẹn ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ Ìlera Wọ́ọ̀dù

Jígí: ẹni tó lé ní 40 ọdún, tó rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, àmọ́ tí kò rí ìwé tàbí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó di ìwé mú ní sẹ̀ǹtímítà 40 sójú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti +1.00, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ dé +2.50 tàbí +3.00, èyí tó kéré jù tó fi lè kàwé ni kó mú lọ. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ ti funfun, ẹ má fún un ní jígí, ilé ìwòsàn ojú ló ń lọ.

Láńsẹ́ẹ̀tì: inú páálí líle aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ṣe fún un, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń gún. Tó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa. Matíróònù á sọ ibi tí wọ́n ti ń sun ún. Ẹ má jù ú sí ṣáláńgá tàbí ààtàn. Bí ó bá gún òṣìṣẹ́ kan, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kó má fún ojú ibẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà: bíbẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn tó gún un.

Ọ̀dọ́ 10 ti tó lọ́jọ́ yẹn: 2 fún tálì, 2 fún rẹ́jísítà, 3 fún àga ìsinmi pẹ̀lú aago lọ́wọ́, 1 fún ìbéèrè oúnjẹ, 2 fún jígí. Ẹ fi 10 yòókù pamọ́ fún ẹ̀yìn ọ̀la. Ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà 2, nọ́ńbà fóònù lórí èyí tó kù sọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan pe tirẹ̀: "Mà, ṣé ẹ ti dé sẹ́ńtà ìlera?" Ẹni tí kò bá tíì lọ, ẹ béèrè bóyá owó ọkọ̀ ni, tàbí pé ó bá ibẹ̀ ní títì. Ẹ kó èsì rẹ̀ fún matíróònù.

Apoògùn

Àwọn sítíríìpù tó bá ṣẹ́ kù: ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ike sára rẹ̀, kí ẹ wo ìwé inú páálí fún iye oṣù tó lè lò lẹ́yìn ṣíṣí. Bí ẹ̀rọ sẹ́ńtà bá jẹ́ irú tiyín, ẹ fi tọrẹ fún wọn. Bí kò bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ kan tì í.