Timira kì í ṣe àìrókèèrè

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tiwa. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá fún ìwé wa, pé ká máa pe timira, àrùn ojú tí àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ń dárúkọ, ní "ìríran kúkúrú", ká sì máa pe tarpana, ọ̀rá wàrà tí wọ́n fi ń tọ́jú ojú, ní "ètùtù ojú". Ẹ má bínú sí mi ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ò bọ́ sí mi létí.

Ìríran kì í kúrú lẹ́nu Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kúrú níbẹ̀ yẹn. Ohun tí à ń sọ nílé ni pé ojú ẹ̀ ò tó òkèèrè, kò rí òkèèrè, àwọn àgbà náà ló ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wa nìyẹn, "àìrókèèrè" ti tó. Òun ló ń bá èmi gan-an fínra láti praimárì, bẹ́ńṣì iwájú ni mo ń jókòó sí, síbẹ̀ inú ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ti ń da ohun tí tíṣà kọ sí bọ́ọ̀dù kọ, àfìgbà tí wọ́n ra gíláàsì fún mi.

Timira wá ńkọ́? Òkùnkùn ni ìtumọ̀ ẹ̀ rọ̀ mọ́ ní Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà. Nínú Sushruta Samhita, ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́, apá ìgbẹ̀yìn tó ka àrùn ojú dé 76, wọ́n ní bí àìsàn náà bá ti wọ awọ kejì nínú ojú, èèyàn á máa rí ohun tó jìnnà bíi pé ó wà nítòsí, á máa rí tìtòsí bíi pé ó jìnnà, kò sì ní rí ojú abẹ́rẹ́ bó ti wù kó ranjú tó. Ojú abẹ́rẹ́ o! Ìyá mi ń ránṣọ, wọ́n máa ń ka nọ́ńbà mọ́tò láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè pé kí n wá bá àwọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi tí mi ò rókèèrè, mo tiẹ̀ máa ń bọ́ gíláàsì kí n tó ki òwú yẹn ni. Bí timira bá sì le sí i ó ń di linganasha, kéèyàn má ríran mọ́ rárá. Orúkọ kan ló kó oríṣiríṣi àrùn mọ́ra, àwọn oníṣègùn Ayurveda òde òní ló wá ń fi pe àìrókèèrè. "Ojú bàìbàì" ni mo fara mọ́ fún un.

Ti tarpana, ìyẹ̀fun ẹ̀wà dúdú ni wọ́n ń pò, wọ́n á fi mọ odi yí ojú ká, wọ́n á wá da ọ̀rá wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ẹ̀, aláìsàn á máa ṣíjú á máa dijú nínú ẹ̀. Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti rí ètùtù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe omi tí wọ́n ń ta sílẹ̀ fún òkú ọ̀run wọn. Àmọ́ yíyó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó bá sì gbọ́ ètùtù ojú nílé wa, ẹbọ ló máa bi yín. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àbọ́yó ojú".

Anjana, oògùn tí wọ́n ń lé sójú, ò tiẹ̀ gba wàhálà, tìróò ni. Triphala náà, "àgúnmu eléso mẹ́ta", méjì nínú àwọn èso yẹn sì bá igi fúrúùtù tó wà ní àgbàlá wa tan.

Ohun tó ká mi lára jù ni "ìwòsàn" tí ẹ kọ sí àkọlé ìwé wa. Ẹyinjú tó gùn ju bó ṣe yẹ ló sábà ń fa àìrókèèrè, ìmọ́lẹ̀ á ti para pọ̀ kó tó dé awọ ẹ̀yìn ojú tó yẹ kó gbà á. Kò sí ọ̀rá wàrà tàbí àgúnmu tó lè dín gígùn yẹn kù, ìyá kan sì lè ka ìwé wa kó bọ́ gíláàsì lójú ọmọ ẹ̀. Ẹ bá mi fi "ìtọ́jú" rọ́pò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.