Dókítà ń wo ìdí èékánná màmá mi, kí ló ń wá níbẹ̀?

ỌMỌ ÌSÁNLÚ: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Látìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé, bí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ìka wọn á funfun, lẹ́yìn náà á dúdú, á wá máa ta wọ́n. Ọwọ́ ti wú, òrùka ìgbéyàwó kò bọ́ mọ́. Làkúrègbé la ń pè é. Dókítà tá a lọ rí kán òróró sí ìdí èékánná wọn, ó gbé awò kékeré tó ní iná lé e, ó wò ó títí, ó ní ká lọ rí dókítà oríkèé ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà, kí ló kan èékánná? Ṣé irú àyẹ̀wò yìí wà lóòótọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ KÁBÀ: Ó wà dáadáa. Níbi tí awọ ti pàdé èékánná, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sùn gbọọrọ lábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tójú fi lè rí wọn tán. Òróró yẹn ló ń jẹ́ kó mọ́ gaara. Lára ẹni tára rẹ̀ dá, wọ́n tò bí eyín ìyarun. Bí scleroderma, àrùn tó ń mú awọ ara le, bá ń wọlé, àwọn kan á fẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀jẹ̀ á jò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn mìíràn á kú, àyè wọn á ṣófo. Ti lupus, àrùn tí ohun tó ń dáàbò bo ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, sábà máa ń lọ́ ni. Scleroderma sì lè hàn níbẹ̀ kí awọ ọwọ́ tó le rárá. Nínú ìlànà 2013 tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù jọ ṣe fún scleroderma, máàkì 2 ni ìdí èékánná ní, ọwọ́ tó ń yí àwọ̀ nínú òtútù ní 3, bí àpapọ̀ máàkì bá pé 9 ni wọ́n ń kà á sí scleroderma. Ọ̀pọ̀ tí òtútù ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò sì ní àrùn kankan lábẹ́ ẹ̀. Èékánná ló ń bá wọn yà wọ́n sọ́tọ̀.

BÀBÁ MỌ̀PÀ: Ẹ fún wọn ní àgbo, kí wọ́n máa yáná. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́.

NỌ́Ọ̀SÌ KÁBÀ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọwọ́ tó ti kú kì í tètè mọ̀ pé iná ń jó òun. Ìbọ̀wọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dáa, kí gbogbo ara náà sì móoru. Ẹ̀gẹ́ yẹn, kí ẹlòmíràn máa bá wọn fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ń fín aṣáà, kí wọ́n jáwọ́. Ọmọ Ìsánlú, ṣé oúnjẹ ń há wọn láyà? Ṣé wọ́n ń mí gúlegúle?

ỌMỌ ÌSÁNLÚ: Háà! Iyán kì í lọ mọ́ àfi kí wọ́n fi omi tì í. A rò pé ọjọ́ orí ni.

NỌ́Ọ̀SÌ KÁBÀ: Ẹ sọ ìyẹn fún dókítà kí wọ́n tó bi yín. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, torí àrùn yìí lè kan kíndìnrín. Ẹ má sì ra prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì nítorí ọwọ́ tó ń dùn wọ́n. Bó bá pọ̀, ó lè dá kún ewu kíndìnrín náà.

ÌYÁ BỌ́LÚ: Lupus ni ti àǹtí mi. Wọ́n wo èékánná, wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ fún ANA, àyẹ̀wò tó ń wá ohun tó ń bá ara jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun láàlì tàbí kutẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì gé awọ ìdí èékánná wọn. Kò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan wò.

ỌMỌ ÌSÁNLÚ: Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀, wọ́n sì ti ra kutẹ́ẹ̀sì pupa! Màá bá wọn gbé e pamọ́. Ẹ ṣeun o. Ọ̀nà wo ló yá?

ÌYÁ BỌ́LÚ: Ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ sí Òmù-Àrán. UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, wà ní Oke-Ose lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, kì í ṣe àárín ìgboro, ẹ máa wọ ọkọ̀ mìíràn tẹ́ ẹ bá dé Ìlọrin. Ẹ mú súẹ́tà wọn dání.