Àbọ̀ ọ̀rọ̀ táńkì ẹja mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá fóòmù fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi) táńkì mi àtijọ́ lè jẹ́ kí táńkì tuntun tètè gbà ẹja. Mo ti ṣe é o. Inú ike omi táńkì ni mo fi gbé e kó má bàa gbẹ, mi ò dẹ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ torí kílórínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi) á pa bakitéríà inú ẹ̀, àwọn tó ń sọ májèlé ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Fóòmù náà dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá, ìyàwó mi ní kí n jù ú nù jàre. Gọ́pì (ẹja kékeré kan) mẹ́ta péré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ammonia, májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá, wà ní 0.25, ọjọ́ karùn-ún ó ti di òdo, nitrite (májèlé tí bakitéríà ń sọ ammonia dà) náà òdo, nitrate (ohun tí nitrite ń dà níkẹyìn, tí kò le tó méjì yẹn) nìkan ló ń gòkè. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, páńpù oníbátìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ló gbà mí. Ẹ ṣé gan-an, ó parí síbí.